Aṣọ Kì í Dúdú Nínú Ìkòkò

Igbein, Abẹ́òkúta
Ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù kìíní, 1983

Mọ́níkẹ́,

Tísà Harriet ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, kò sí ohun tó ń ṣe láàárọ̀ ju pé kó jókòó síwájú ilé rẹ̀ kó máa wo ẹnu ọ̀nà mi. Mo ní kó wá fi ojú yẹn wo ìwé. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni kó ṣe kọ ọ́. Bí o bá rí gẹ̀ẹ́sì nínú rẹ̀, tirẹ̀ ni, kì í ṣe tèmi.

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù ò tíì pa ọ́? Kí Adérónkẹ́ tí o ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Sọ fún un pé èmi Asiata, ìyá bàbá rẹ, ní ó kú ìtọ́jú, àmọ́ kó yéé fún ọ ní búrẹ́dì láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́.

Àwa náà wà. Ọyẹ́ ti ń lọ. Kofí tó ń tún bàtà ṣe ní Ṣàpọ́n ti bá àwọn ará Gánà lọ, àwọn tí ìjọba ní kí wọ́n máa lọ sílé wọn. Bàtà mi ẹsẹ̀ ọ̀tún wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bóyá ó ti dé Àkírà báyìí, èmi ò dé bẹ̀ rí.

Bàbá rẹ mú lẹ́tà tí o kọ sí i wá, ó ní kí Tísà kà á fún mi kí n lè gbọ́ ìsọkúsọ. O ti kọ́ títẹ̀wé tán, ìyẹn ló torí ẹ̀ rán ọ lọ, o wá ní ilé ẹ̀kọ́ eré lo fẹ́ wọ̀ báyìí. Ó ní òun fún ọ di ìparí oṣù kẹfà. Bí wọn ò bá gbà ọ́ níbẹ̀, kó o padà wá sílé, kó o wá bá òun dúró ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ òun ní Ṣàpọ́n. Sàlàhúdíìnì kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, o mọ̀.

Mi ò bá ọ jà. Ìbéèrè ni mo ní. Ṣé wọ́n máa ń kọ́ èèyàn ní eré ni? Àwọn òṣèré tí mo mọ̀, ẹrù ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń rù tẹ̀lé ọ̀gá wọn láti ìlú dé ìlú. Tó bá di ọdún kẹta, wọ́n á ní kí wọ́n wá ṣe ọlọ́pàá. Ìwọ fẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kọ́ tìrẹ. Kí ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni kí wọ́n tó gbà á? Kọ ọ́ kó yé mi. Mi ò kàwé, àmọ́ mi ò gọ̀.

Fi abẹ́rẹ́ ránṣẹ́, èyí tí kì í tètè ṣẹ́. Ti ọjà wa yìí kò lè ran aṣọ adìrẹ kan tán.

Èmi ni,
Asiata


Lọ́ńdọ̀nù
Ogúnjọ́, oṣù kejì, 1983

Ìyá àgbà mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú iṣẹ́ aró, ẹ kú bàtà tó lọ. Ẹ bá mi kí Tísà, mo ní wọ́n kú wàhálà. Abẹ́rẹ́ méjìlá wà nínú àpòòwé yìí. Mo fi páálí wé wọn kí wọ́n má gún ẹnikẹ́ni ní pósítọ́fíìsì.

Ẹ ní kí n kọ ohun tí wọ́n ń béèrè. Ìyá àgbà, wọn ò kọ́kọ́ béèrè sátífíkéètì. Gbọ̀ngàn ńlá kan ni wọ́n máa ń pe èèyàn sí, ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ pákó, àwọn mẹ́ta á jókòó nídìí tábìlì. Nǹkan méjì lèèyàn máa ṣe níwájú wọn. Àkọ́kọ́, kó sọ ọ̀rọ̀ inú eré kan tó ti kọ́ sórí. Ìkejì, kó ṣe ẹnì kan tó mọ̀ dáadáa, níbi tí ẹni náà ti ń ṣiṣẹ́. Kò gbọ́dọ̀ mú irinṣẹ́ kankan dání, kò sì gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ̀yin ni mo ṣe.

Ọjọ́ kọkànlá oṣù yìí ni mo lọ. Wọ́n gba tàkọ́kọ́, wọ́n ní ó dára. Wọn ò gba ìkejì. Ọ̀gá wọn, bàbá arúgbó kan tó ní irùngbọ̀n funfun, wò mí títí, ó ní, "Mo rí iṣẹ́ náà. Mi ò rí ẹni tó ń ṣe é." Ó ní kí n padà wá ṣe ìkejì yẹn nìkan ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin. Ìyẹn ló kẹ́yìn fún ọdún yìí.

Mo ti rò ó títí, kò yé mi. Gbogbo ohun tí ẹ máa ń ṣe ni mo ṣe. Ẹkún ni mo sun nínú ọkọ̀ ojú irin títí mo fi délé. Mi ò tíì sọ fún Bàbá. Ẹ má bá mi sọ ọ́.

Ọmọ yín,
Bùsírátù Mọ́níkẹ́


Igbein
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹta, 1983

Mọ́níkẹ́,

Tísà náà ni. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń kọ ọ́. Bí o bá rí ìlà tó wọ́, ẹ̀rín ló fà á.

Abẹ́rẹ́ dé. Ó dára. Kò sí èyí tó tíì ṣẹ́.

Ìwọ ọmọ yìí gbé mi lọ sí gbọ̀ngàn òyìnbó, o fi mí hàn wọ́n, ẹnikẹ́ni ò bi mí léèrè. Aṣọ wo lo ní mo wọ̀? Ṣé kì í ṣe ìró tó ya ní ìdí yẹn? Bí mo bá tún ń lọ, sọ fún mi kí n wẹ̀.

Bàbá onírùngbọ̀n yẹn, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ó sọ ọ̀rọ̀ fún ọ láìfi oyin sí i. O ní kò yé ọ. Èmi náà, kò tíì yé mi, torí pé "gbogbo ohun tí ẹ máa ń ṣe" tí o kọ yẹn, kí ni wọ́n? Kọ ohun tí o fi ọwọ́ ṣe ránṣẹ́ sí mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń rojọ́ níwájú adájọ́. Má fo ọ̀kan. Iṣẹ́ mi ni, èmi ni màá mọ ibi tó ti yẹ̀.

Bàbá rẹ ti wá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ yìí. Ó ní òun wá kí mi. Ó máa ń kí mi tán, á wá dúró. "Ìyá, Mọ́níkẹ́ ńkọ́?" Mo ní ara rẹ le. Mi ò purọ́, ara rẹ le.

Ẹkún inú ọkọ̀ yẹn, ṣé ọkọ̀ náà tìtorí rẹ̀ yára?

Asiata


Lọ́ńdọ̀nù
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹta, 1983

Ìyá àgbà mi,

Mo kí yín, mo kí Tísà. Lẹ́tà yín dé láàárọ̀ yìí, mo jókòó lójú ẹsẹ̀ láti fèsì, torí ó ku ọjọ́ mẹ́rìnlélógún.

Bí mo ṣe ṣe é nìyí. Mo wọlé bí ẹ ṣe máa ń rìn, ọwọ́ òsì níbàdí. Mo ṣí ìdérí ìkòkò. Mo fi ìka kan kan aró, mo tọ́ ọ wò, mo tutọ́ sílẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Mo ti aṣọ bọ inú aró, mo tẹ̀ ẹ́ rì, mo yí i, mo tún tẹ̀ ẹ́. Mo fà á yọ, ó ti dúdú dáadáa, inú mi dùn. Mo gbọ̀n ọ́n, mo sá a sórí okùn. Lẹ́yìn náà mo rántí ọdún tí Bàbá àgbà kú. Mo jókòó sórí òkúta, mo sunkún, mo sì ń fi ọrùn ọwọ́ nu ojú kí aró má kó sí i. Ó parí.

Ẹkún yẹn ni mo gbójú lé. Mo rò pé òun ni wọ́n máa torí rẹ̀ gbà mí.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ti rí ohun tó yẹ̀, ẹ má jẹ́ kó pẹ́.

Mọ́níkẹ́


Igbein
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹrin, 1983

Mọ́níkẹ́,

Àjíǹde àwọn Tísà ni lónìí. Mo jókòó síwájú ilé rẹ̀ títí ó fi ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Kò tíì tú gèlè tí mo fi ki bírò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Túbọ̀sún, ọmọ Herbert tó ń ta pákó, ń bọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ Túsìdé. Òun ló máa mú lẹ́tà yìí wá, torí pósítọ́fíìsì ò ní lè bá ọ mọ́.

O ní o fà á yọ, ó ti dúdú? Nínú ìkòkò ta ni? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ní kí Tísà tún ibẹ̀ kà. Aṣọ kì í dúdú nínú ìkòkò. Bí o bá fà á yọ, ṣe ló máa ń rí bí omi ewúro, bí ohun tí ewúrẹ́ bì. Ẹni tí kò mọ̀ á ní aṣọ ti bàjẹ́. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá kàn án ló ń dúdú. Láti etí ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, á wá máa rìn wọ àárín, wàá máa fi ojú rí i.

Inú bí mi. Mo ní ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé aláró, kò mọ èyí! Tísà bá ká gíláàsì rẹ̀ kúrò lójú. Ó ní, "Ìyá Sàlàhúdíìnì, nígbà wo ló fẹ́ rí i? Láago mẹ́jọ, ó ti wà ní kíláàsì mi."

Òótọ́ ni. Aago mẹ́jọ ni mo máa ń fa aṣọ. Nígbà tí o bá fi máa dé lọ́sàn-án, wọ́n ti dúdú lórí okùn. Lọ́jọ́ Sátidé, èmi fúnra mi ni mo máa ń lé ọ kúrò nídìí ìkòkò. Mi ò fẹ́ kí ọwọ́ rẹ dúdú bí tèmi. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé bí o bá na ọwọ́ gba iṣẹ́ ní ọ́fíìsì, wọ́n á ti fi èékánná rẹ mọ ilé tí o ti wá. Mo ṣe é, mi ò kábàámọ̀. Àmọ́ o fẹ́ mọ̀ ọ́n báyìí, nítorí náà gbọ́.

Bí o bá fà á yọ, dúró. Fi ọwọ́ méjèèjì di etí rẹ̀ mú, kó jìnnà sí ara rẹ. Má rẹ́rìn-ín. Má ṣe ojú kankan. O ò tíì mọ̀ bóyá aró mú tàbí kò mú. Ewé èlú tí o gún, eérú tí o sun, ọjọ́ tí o fi dúró de ìkòkò, gbogbo rẹ̀ ti wọ inú aṣọ yẹn, kò sí ohun tí o lè fi kún un mọ́. Wíwò ló kù. Ọdún méjìlélógójì ni mo ti ń fa aṣọ, kò sí ọjọ́ kan tí ẹ̀rù kì í bà mí níbẹ̀. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Tísà ti gbọ́ ọ báyìí, kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Bó bá wá dúdú, má jó. Sá a, kó o mú òmíràn.

Ẹkún yẹn, yọ ọ́ dànù. Ọjọ́ tí bàbá àgbà rẹ kú, aṣọ méjìlá ló wà nínú aró. Mo fà wọ́n tán kí n tó wọlé lọ bá àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀. Mi ò sunkún nídìí ìkòkò. Ọjọ́ tí mo sunkún ni ọjọ́ tí wọ́n wá kó bàtà rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, o ò sí nílé. Má fi ohun tí o ò rí han èèyàn.

Mo mú Tísà lọ sídìí ìkòkò kó lè mọ ohun tó ń kọ. Mo ní kó wò ó, òun ní òun á fà á. Ọwọ́ rẹ̀ ti dúdú dé ọrùn ọwọ́, àwọn ìyá ìjọ sì ń ṣe ìpàdé lọ́la. Ìyẹn ò kàn mí.

Àkísà tí mo fi ń nu etí ìkòkò wà lọ́wọ́ Túbọ̀sún nínú ọ̀rá. Má fọ̀ ọ́. Gbóòórùn rẹ̀ kó o tó wọlé.

Asiata

Mọ́níkẹ́, òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń gbé òdìkejì ilé yìí, mi ò mọ̀. Mi ò lè mí títí aṣọ náà fi dúdú. Ìyá àgbà rẹ ò mọ̀ pé mo fi èyí sí i. Harriet.


Lọ́ńdọ̀nù
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹrin, 1983

Ìyá àgbà mi àti Tísà mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin kí yín, kíkúnlẹ̀ ò tó.

Túbọ̀sún dé. Ó ní aṣọ́bodè ṣí ọ̀rá yẹn ní pápá ọkọ̀ òfúrufú, ó sì tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì í padà, kò bi òun ní nǹkan kan. Nínú bọ́ọ̀sì, gbogbo èèyàn dìde sá fún òórùn rẹ̀. Ó ní kí ẹ má tún rán òun mọ́.

Mo lọ lánàá. Mo gbóòórùn àkísà náà ní ẹnu ọ̀nà, ẹ̀yìnkùlé yín bá dé síwájú mi, pẹ̀lú adìẹ yín tó máa ń da eérú nù. Mo wọlé. Mo ṣe ti ìkòkò bí mo ṣe ṣe é níjọ́sí. Mo fa aṣọ yọ, mo di etí rẹ̀ mú, mo dúró.

Ìyá àgbà, kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Mo ń gbọ́ páìpù omi gbígbóná tó ń kùn lára ògiri. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù gidi, torí mi ò mọ̀ bóyá wọ́n máa gbà mí. Àṣé ẹ̀rù kan náà ni. Mi ò wá ẹ̀rù míì, èyí tó wà lára mi ni mo fi wo aṣọ náà. Ó rí bí omi ewúro. Etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Mo rí i! Nígbà tó dé àárín, mo sá a, mo bẹ̀rẹ̀ mú òmíràn. Nígbà náà ni obìnrin tó wà láàárín wọn na ọrùn wo ilẹ̀ pákó lẹ́sẹ̀ mi, bí ẹni pé aró ń kán sí i.

Bàbá onírùngbọ̀n bi mí pé, "Ṣé ó máa ń pẹ́ kó tó yí àwọ̀?"

Mo ní, "Rárá, sà. Lójú ẹni tó dì í mú ló ti ń pẹ́."

Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn á kọ̀wé. Èmi náà ti wá dúró báyìí, mo di etí rẹ̀ mú.

Mọ́níkẹ́


Igbein
Ogúnjọ́, oṣù karùn-ún, 1983

Mọ́níkẹ́,

Tísà ni. Lẹ́tà rẹ dé láti ìparí oṣù kẹrin, láti ìgbà náà, kẹ́kẹ́ pa. Ṣé wọ́n gbà ọ́ àbí wọn ò gbà ọ́? Sọ ọ́. Etí mi kì í ṣe ẹyin.

Bàbá rẹ ti ra àga kan sí ṣọ́ọ̀bù dè ọ́. Ó ní tìmùtìmù. Mo sọ ọ́ kó o lè mọ̀ pé kì í ṣe pé ó fẹ́ fìyà jẹ ọ́. Ojoojúmọ́ ló ń gba ẹ̀yìnkùlé mi kọjá, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìnkùlé mi ò já sí ilé rẹ̀. Lánàá ó dúró nídìí ìkòkò, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó di aṣọ mú. Ó ní, "Ìyá, ṣé báyìí ló ṣe é?"

Mo ní, "Ta ló sọ fún ọ?"

Tísà ń wo ilẹ̀.

Bí wọn ò bá gbà ọ́, wá sílé. Kì í ṣe ikú. Àga wà níbẹ̀.

Asiata


Lọ́ńdọ̀nù
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù karùn-ún, 1983

Ìyá àgbà mi,

Wọ́n gbà mí! Wọ́n gbà mí, wọ́n gbà mí!

Lẹ́tà wọn dé ní Sátidé. Àwa tó lọ lé ní ẹgbẹ̀ta, méjìlélógún ni wọ́n mú. Oṣù kẹsàn-án la máa wọlé, ọdún mẹ́ta la sì máa lò. Àǹtí Adérónkẹ́ gbé ṣíbí ìgbọbẹ̀ jó yí ilé ká títí ọbẹ̀ fi jóná. Ẹ má bínú, búrẹ́dì náà la tún jẹ.

Iṣẹ́ títẹ̀wé tí Bàbá ní kí n kọ́ ni màá máa ṣe nírọ̀lẹ́ láti fi gbọ́ bùkátà ara mi. Kò ṣòfò.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Ẹ bá mi sọ fún Bàbá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ lẹ́tà sí wọn, ojú ìwé mẹ́jọ mẹ́jọ. Mo ṣàlàyé, mo bẹ̀bẹ̀, mo tún ṣàlàyé. Mo ya gbogbo wọn. Ẹ̀yin ni wọ́n máa gbọ́ tiyín.

Ọmọ yín tí wọ́n gbà,
Mọ́níkẹ́


Igbein
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà, 1983

Mọ́níkẹ́,

Tísà ni, ta ni ì bá tún jẹ́? Ìlà kìíní ló kà tó fi pariwo Halelúyà. Àwọn tó ń kírun nínú ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a ṣe Àmín.

Inú mi dùn. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, má retí ẹlẹ́ẹ̀kejì. Mo pa adìẹ tó máa ń da eérú mi nù, a jẹ ẹ́ kí ààwẹ̀ tó dé. Mo rẹ aṣọ kan fún ọ. Túbọ̀sún ti ń sá fún mi, màá rí ẹlòmíràn tó máa mú un wá. Láàárọ̀ tí mo fa aṣọ yẹn, mo dì í mú pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí.

Bí o bá wálé, wá láago mẹ́jọ. Mi ò ní lé ọ.

Àwọn tó gbọ́dọ̀ gbọ́ nìyí. Lọ́la, màá wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀dẹ́dá lọ sọ fún Abíọ́nà àbúrò mi. Oko rẹ̀ ni ewé èlú mi ti ń wá láti ọdún wọ̀nyí, kó mọ ibi tí ewé rẹ̀ dé. Tísà á sọ fún àwọn ìyá ìjọ rẹ̀. Wọ́n ti ń bi í léèrè ọwọ́ rẹ̀ láti Àjíǹde, kó kúkú wá dá wọn lóhùn. Ìwọ, sọ fún bàbá onírùngbọ̀n náà pé Asiata aláró ní Igbein kí i, pé ojú rẹ̀ ríran. Má tíì kọ̀wé sí Kùdírátù àbúrò rẹ. Bí Kùdírátù bá gbọ́ láàárọ̀, gbogbo Ṣàpọ́n á gbọ́ kó tó di ọ̀sán.

Ó ku bàbá rẹ. Mi ò ní bá ọ sọ ọ́ fún un, mo sì ti mú Tísà búra lórí Bíbélì rẹ̀. Ojú ìwé mẹ́jọ, ta ló fẹ́ kà á? Ìlà kan ni kó o kọ. "Bàbá, wọ́n gbà mí." Lẹ̀ ẹ́ pa, fi ránṣẹ́, kó o dúró. Ojú rẹ̀ lè kọ́kọ́ rí bí omi ewúro. Má sáré kọ òmíràn tẹ̀lé e, má fi ọwọ́ kàn án. Jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i. Mo ti ń wo ojú ọmọ yẹn bọ̀ láti oṣù kẹrin, etí rẹ̀ ti ń dúdú.

Òun ló kàn. Sọ fún un.

Asiata